Ta ni ká bínú sí? Ìdáhùn fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti pẹ́ lọ́sibítù

Ìbéèrè tó wọlé nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá nọ́ọ̀sì. Ó ti di oṣù mẹ́rin tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa. ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn sí, ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí, kí wọ́n tó gbé wọn wá sí wọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá sàn lónìí, á tún burú lọ́la. Dókítà kan á ní bàbá ń ṣe dáadáa, òmíràn á ní ká má retí púpọ̀. Nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ àbúrò mi nítorí omi ṣíbí kan tó fẹ́ fún bàbá. Bàbá fúnra wọn ń bú mi, èmi tí mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, àlejò á dé, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun ń pàṣẹ lórí fóònù. Ó ti sú mi. Mo ń bínú sí gbogbo ènìyàn, títí kan bàbá, lẹ́yìn náà ọkàn mi á máa dá mi lẹ́bi. Ṣé ọsibítù yìí ni kò mọ iṣẹ́ ni, àbí èmi ni mi ò nífẹ̀ẹ́ bàbá mi tó?"

Ẹ kú aájò, arábìnrin mi. Aájò á jẹ́ o, ara bàbá á le. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí àwọn aláìsàn ti ń kọ́ ìjókòó, ìdúró àti ọ̀rọ̀ sísọ padà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí ẹbí tó pẹ́ níbẹ̀ tí inú rẹ̀ kì í ru. Àwọn kan ń sọ ọ́ jáde, àwọn kan ń gbé e mì.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín gan-an ni pé ìfẹ́ yín sí bàbá pé, kò sí ohun tó ṣe é. Ní ti ọsibítù, nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, àìsàn ló ni èyí tó pọ̀ jù. Ọsibítù ló ni díẹ̀, ẹ̀yin ẹbí lẹ sì ni ìyókù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ra wọn, ẹni tó bá sún mọ́ yín jù lẹ ó máa bínú sí. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ó mọ èyí tí ẹ máa fara dà, èyí tí ẹ máa jà fún, àti èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín lẹ máa yanjú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí pé ó sàn lónìí, ó burú lọ́la. Nígbà tí àìsàn bá wọ ènìyàn lára débi pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí, iṣan ara rẹ̀ máa ń yọ́ lórí ibùsùn níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, wọn iṣan itan àwọn tó wà ní ICU. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, iṣan náà ti fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi lọ, àmọ́ kì í fi ọjọ́ mẹ́wàá padà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí bàbá tí wọ́n ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti jókòó lẹ́bàá ibùsùn, ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni tàbí pé wọn ò fẹ́ sapá. Ìjókòó yẹn fún wọn, iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹ wá fi ti ọpọlọ kún un. Nínú rọpárọsẹ̀, apá kan ọpọlọ ni kò rí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ya lé e lórí. Ibi tó kú ti kú. Ibi tó yí i ká, tó kàn wú tàbí tó dákẹ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ jí padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn apá mìíràn á máa kọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, díẹ̀díẹ̀, nípa kí ènìyàn máa ṣe nǹkan kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìlọsíwájú máa ń yá jù. Ẹ̀yin ti wà ní oṣù kẹrin. Ibi tí eré náà ti ń dín kù gan-an lẹ wà yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti máa ń rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Mo ti rí àwọn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọwọ́ wọn lẹ́yìn ọdún kan. Mi ò lè ṣèlérí pé bàbá yín á rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ní ti ìpadàsẹ́yìn, ọpọlọ tó ti fara gbọgbẹ́ kì í ní agbára kankan nípamọ́. Ohun tí ara èmi àtẹ̀yin á gbé kúrò láì mọ̀ lè dá bàbá dùbúlẹ̀: kí ìgbẹ́ má yọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àrùn ojú ìtọ̀ yọjú láti ara rọ́bà ìtọ̀, kí wọ́n má sùn lóru, kí wọ́n yí oògùn kan padà. Ẹ ó dé lọ́jọ́ kejì, bàbá tó pe orúkọ yín lánàá ò ní dá yín mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí wọ́n bá rí ohun tó fà á tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, bàbá á padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́ kì í rí i pé ó ń ga. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ lójoojúmọ́ náà nìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ẹbí ni pé kí wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí wọ́n máa kọ ìlà méjì péré sínú rẹ̀ lójúmọ́. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ "bàbá ṣe dáadáa." Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ Ajé. Wọ́n jókòó lẹ́bàá ibùsùn, ènìyàn méjì dì wọ́n mú, ìṣẹ́jú mẹ́rin, orí ń ṣubú síwájú." Ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé àná wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wá padà sí i. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀ pé ènìyàn kan ló ń dì wọ́n mú báyìí, tí orí wọn sì dúró, ẹ ti rí ohun tí ojú yín ò lè rí lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé kò sí ohun tó yí padà rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín tí ẹ máa gbé lọ bá àwọn físíò, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa lo ara rẹ̀, pé kí lẹ tún lè ṣe sí i.

Ìwé yẹn tún wúlò lọ́nà mìíràn. Àwọn tó jáde ní ICU kì í sábà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn níbẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ àlá burúkú ni wọ́n rántí, pé wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀, pé wọ́n fẹ́ pa wọ́n. Bí bàbá bá gbádùn tán, tí ẹ ka bí nǹkan ṣe lọ gan-an fún wọn, ó máa ń fi ọkàn balẹ̀. Àwọn ICU kan wà tí nọ́ọ̀sì àti ẹbí jọ ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí omi ṣíbí kan yẹn, torí mo fẹ́ kí àbúrò yín dárí ji nọ́ọ̀sì náà. Kò yẹ kó jágbe mọ́ ọn, ó yẹ kó ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun kékeré. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pa dé bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá ń gbé nǹkan mì. Omi ló léwu jù torí ó ń yára ṣàn. Dípò kó gba ọ̀nà ikùn, á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ó máa retí pé kí bàbá hu ikọ́ bí ó bá ṣì wọ̀nà, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í hu ikọ́ rárá, torí ibi tó yẹ kó mọ̀ ọ́n lára ti kú tipiri. Ojú wọn á dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á tiẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, ibà á dé, èémí á máa yára, wọ́n á ní òtútù àyà ni. Òtútù àyà yìí wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọn kì í fún aláìsàn ní ohunkóhun lẹ́nu títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ á fi dán ọ̀fun rẹ̀ wò.

Bí ẹnu gbígbẹ bàbá bá ń dùn yín, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé kí ó fi hàn yín bí ẹ ṣe máa fi fóòmù tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n sì fún dáadáa, nu ètè, ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ gbé orí ibùsùn sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu tó mọ́ ń dín kòkòrò tó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró kù, nítorí náà ìtọ́jú gidi lẹ ń ṣe yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i pé ọmọ tó ń bínú ní ẹnu ọ̀nà máa ń rọ̀ bí wọ́n bá fún un ní iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Àìníṣẹ́ lọ́wọ́ wà lára ohun tó ń bí ẹbí nínú jù lọ́sibítù: ẹ jókòó sórí àga líle kan láti àárọ̀, gbogbo ènìyàn ń ṣe nǹkan sí bàbá yín, àfi ẹ̀yin.

Ti èébú yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló dùn yín jù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan péré lẹ kọ nípa rẹ̀.

Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, bí rọpárọsẹ̀ bá kan apá ọpọlọ tó ni èdè, tó wà ní òsì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí a ń tò jọ fúnra wa ló máa ń sọ nù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ẹnu lára máa ń ṣẹ́ kù: kíkà láti ení dé ẹ̀wá, orin, àdúrà, ìkíni, èébú, èpè. Aláìsàn tí kò lè sọ pé "ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹ yí mi sí ọ̀tún" lè la ẹnu kí èébú fò jáde dípò rẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Òun ló fi ń béèrè omi, òun ló fi ń dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fi ohùn rẹ̀ mọ èyí tó ń sọ. Nítorí náà, bí bàbá bá bú yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ara wọn lè máa fẹ́. Ṣé aṣọ ti tutù? Ṣé apá tó kú ti há sábẹ́ wọn? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń gún wọn lójú?

Ìkejì, ẹni tí ọkàn aláìsàn balẹ̀ lé ló máa ń gba ìbínú rẹ̀. Kí bàbá tó rẹ́rìn-ín sí àlejò, wọ́n ní láti kó gbogbo agbára jọ. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á gbé iyì wọ̀. Bí àlejò bá ti jáde, agbára ti tán, ẹ̀yin ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀yin ni wọn ò ní láti gbé iyì wọ̀ fún. Kò mú kó má dùn yín, mo mọ̀. Ẹ ò ní láti jókòó gba èébú láti àárọ̀ di alẹ́ náà. Ẹ lè sọ pé, "Bàbá, mò ń jáde díẹ̀, mo ń bọ̀," kí ẹ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún wọlé. Ẹ má bá wọn jiyàn.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ fojú ìwà wò. Bí bàbá bá dédé yí padà láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí méjì, tí wọ́n ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án tí wọ́n ń jà lóru, tí wọ́n ń fa rọ́bà yọ, tàbí tí wọ́n kàn dákẹ́ tí wọn ò jí dáadáa, àìsàn ni. Àwọn dókítà ń pè é ní delirium. Ọpọlọ ló dàrú fún ìgbà díẹ̀ torí pé ohun kan ń ṣe ara. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ẹ lo ọ̀rọ̀ yìí gan-an: "Bàbá mi kì í ṣe báyìí, àná ló bẹ̀rẹ̀." Wọn ò mọ bí bàbá ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ kò ní oògùn nínú: kí bàbá wọ awò ojú wọn, kí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà létí tí bátìrì rẹ̀ sì wà láàyè, kí fèrèsé ṣí lọ́sàn-án, kí iná kú lóru, kí aago tó tóbi wà níbi tí wọ́n ti lè rí i, kí ohùn tí wọ́n mọ̀ máa sọ fún wọn níbi tí wọ́n wà àti ọjọ́ tí a wà.

Ní ti àwọn dókítà tó ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Èyí tó ní bàbá ń ṣe dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wò, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó ní kẹ́ ẹ má retí púpọ̀, bóyá bàbá á tún dá rìn ló ń rò. Ẹ bi í pé: "Èwo nínú ara bàbá lẹ ń sọ?" Ẹ ó rí bí ọ̀rọ̀ á ṣe yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fún ìpàdé kan pẹ̀lú àgbà dókítà tó ń mójú tó bàbá, nọ́ọ̀sì kan, àti físíò. Ẹ má ṣe é ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń sáré lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n dá ọjọ́. Ohun tí ẹ máa bi wọ́n ò ju báyìí lọ: tí oṣù mẹ́ta bá kọjá, báwo ni bàbá á ṣe rí bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa jù, báwo ni wọ́n á ṣe rí bí ó bá burú jù, èwo lẹ̀yin rò pé ó ṣeé ṣe jù? Dókítà tó ń sá fún àsọtẹ́lẹ̀ máa ń lè dáhùn irú ìbéèrè yìí, torí ẹ ò ní kó mú ẹyọ kan. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú wọn.

Ẹ̀bi ọsibítù wá wà o, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ torí pé nọ́ọ̀sì ni mí. Bí bàbá bá ń dùbúlẹ̀ sójú kan fún wákàtí gígùn tí ẹnikẹ́ni ò yí wọn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa yí i déédéé; wákàtí méjì-méjì ló wọ́pọ̀. Ẹ wo ìdí wọn, ìbàdí àti gìgísẹ̀ fúnra yín: ibi tó bá pọ́n tàbí tó dúdú sí i, tí kò sì padà bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, egbò ti ń bọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi bàbá sílẹ̀ nínú ìtọ̀, bí aago ìpè bá wà níbi tí ọwọ́ tó kú wà, bí ẹ bá bèèrè ìbéèrè kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò dá yín lóhùn, ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀bi àìsàn. Ẹ lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù náà. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́. "Ẹ ò kì í tọ́jú bàbá mi" kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú. "Lánàá, láti aago méjì títí di aago mẹ́fà, ẹ̀yìn ni wọ́n fi dùbúlẹ̀, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó yí wọn" ní ibi ìdìmú. Bí kò bá yanjú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gbé e lọ sókè.

Bí ara bàbá bá ń burú lójú yín tí wọ́n ń sọ pé kò sí nǹkan, ìyẹn ò ní sùúrù nínú o. Ní ilẹ̀ England, ọmọbìnrin ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Martha Mills kú lọ́sibítù ní 2021 lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń pariwo pé ara rẹ̀ ò dá. Adájọ́ tó yẹ ikú rẹ̀ wò sọ pé ó ṣeé ṣe kó yè ká ní wọ́n tètè gbé e lọ sí ICU. Ohun tó jáde láti inú rẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní Martha's Rule, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọsibítù ibẹ̀ ní 2024, tí ẹbí fi lè pe àwọn dókítà mìíràn wá yẹ aláìsàn wò kíákíá. Irú rẹ̀ ti wà ní Queensland, ní Ọsirélíà, kí ó tó di ìgbà náà. Ẹ béèrè bóyá ọsibítù tiyín ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá ní in, ẹ ṣì lè sọ pé: "Ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ kí àgbà dókítà wá wo bàbá mi nísinsìnyí."

Ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun. Ó wọ́pọ̀ débi pé ní 1991, àwọn dókítà kan kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀, wọ́n pè é ní àrùn "ọmọbìnrin tó ti California dé": ọmọ tó jìnnà, tó balẹ̀ lójijì, tó fẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo nǹkan lọ́tun, tó ń bá gbogbo ènìyàn jà. Èmi kò fẹ́ràn orúkọ yẹn, torí ó ń bú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dà rú. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kò rí oṣù mẹ́rin yín. Bàbá tó rí kẹ́yìn ń rìn, ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ̀yin gbà díẹ̀díẹ̀, lójijì ni òun gbọ́ ọ. Àṣẹ tó ń pa yẹn, ẹ̀rù ni, ó sì lè jẹ́ ìtìjú pé òun ò sí níbẹ̀.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó lè ṣe láti ibi tó wà. Ó lè máa pe bàbá lórí fídíò ní aago kan náà lójoojúmọ́, kó máa kọrin tí bàbá mọ̀, kí wọ́n jọ kọ ọ́. Ó lè mójú tó ìwé owó. Ó lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìyókù ẹbí kí fóònù tiyín má baà máa dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín fẹnu kò sí ẹni kan ṣoṣo tí á máa bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀. Bí ọmọ márùn-ún bá pe wọ́ọ̀dù, ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n máa gbà, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó gbọ́ òótọ́. Kí ẹni náà fi ohùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí lálẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, tí ẹnu yín ò kò, ìbéèrè tó yẹ kó wà láàárín yín ni ohun tí bàbá fẹ́ràn àti ohun tí wọ́n kórìíra nígbà tí ara wọn dá. Bí bàbá bá sì lè mi orí, ẹ bi wọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí ibùsùn rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ò kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi sábà máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún: ọjọ́ kan wà tí ènìyàn á jókòó sínú mọ́tò níwájú ọsibítù, tí kò ní lè sọ̀kalẹ̀, tí á sì rò ó lọ́kàn pé kí ó ṣáà tán, ọ̀nà yòówù kí ó gbà tán. Lẹ́yìn náà á rò pé ikú bàbá òun lòun ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyà lẹ fẹ́ kó dópin, ti bàbá àti tiyín.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Pauline Boss, ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní àwọn ọdún 1970 nípa irú àdánù tí kò ní ojú: ẹni náà wà láàyè níwájú yín, síbẹ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ ò lè ṣọ̀fọ̀, torí kò sẹ́ni tó kú. Ẹ ò lè yọ̀, torí bàbá tó padà wá kọ́ ni bàbá tó lọ. Ìfẹ́ àti ìbínú lè jókòó sọ́kàn kan lẹ́ẹ̀kan náà láìsí irọ́ nínú ọ̀kan nínú wọn. Àwọn oníṣègùn náà ti gbà pé ICU ń pa ẹbí lára: láti 2012 ni wọ́n ti ní orúkọ fún àìsàn tí ó máa ń ṣẹ́ kù sára àwọn tó jáde ní ICU, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹbí, fún àìrí oorun sùn, àníyàn, ìsoríkọ́, àti ọkàn tó ń fò bí fóònù bá dún lóru.

Nítorí náà, ẹ yan ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí ẹ ò ní lọ. Kí àbúrò yín tàbí ẹlòmíràn lọ. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ò ní wá lọ́la, ẹ béèrè nọ́ńbà tí ẹ lè pè lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán. Bàbá á wà níbẹ̀. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò lọ, tí kò sí ohun tó wù yín mọ́, ẹ lọ rí dókítà fún ara yín. Bí ẹ bá ń ronú láti pa ara yín lára, ẹ má dúró rárá, lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ohun kan tó kù tí ẹ ò béèrè, tí mo sì rí i pé ó ń bọ̀, ni ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí bàbá máa lọ sílé. Ó máa ń dé bá ẹbí lójijì, ìbínú tuntun á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti ìsinsìnyí: kí ni bàbá gbọ́dọ̀ lè ṣe kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n lọ? Ní ọ̀sẹ̀ tó bá ṣáájú, ẹ má gbà pé kí wọ́n kàn ṣàlàyé fún yín. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé bàbá láti orí ibùsùn sórí àga, kí físíò dúró tì yín, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí ẹ̀yìn yín ò fi ní dùn yín mọ́. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ lójú nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìwọ̀n kíki tí wọ́n bá yàn fún ọ̀fun wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà fún, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí ẹ máa pè lóru sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá máa sùn nítòsí bàbá lóru ni kó wá kọ́ gbogbo èyí, kó má jẹ́ ẹni tó kàn ráyè lọ́jọ́ náà.